Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ṣe Módẹ̀lì Rẹ̀, Ṣùgbọ́n Ẹ Ṣí Fèrèsé

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré ọmọdé lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èémí ni, ọ̀rọ̀ ojú ni, ọ̀rọ̀ àlùwàlá sì ni pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ módẹ̀lì ṣíṣe ni.

Módẹ̀lì ni ohun kékeré tí a ṣe kó jọ ohun ńlá, tí a sì fi ìwọ̀n dín in kù láìṣe é wúruwùru. Ọmọ tó fi agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ṣe mọ́tò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ilé ń fi páálí kọ́ odidi ilé ní ìwọ̀n 1:100, níbi tí sẹ́ńtímítà kan ti dúró fún mítà kan. Àwọn mìíràn ń ra ẹ̀yà ọkọ̀ òfuurufú tàbí mọ́tò oníke tí wọ́n dì sínú páálí láti òkè òkun wá, wọ́n á tò ó, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, wọ́n á kùn ún. Ìwọ̀n 1:72 wọ́pọ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú, 1:24 sì wọ́pọ̀ fún mọ́tò.

Oríṣi òbí méjì ni mo rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan rò pé ìfàkókòṣòfò lásán ni, wọ́n á gbá gbogbo rẹ̀ sí ààtàn. Àwọn kejì dúpẹ́ pé ọmọ kò sí ní ìgboro, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọn kò sì ní béèrè ohun tó ń fà sí imú. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló ṣì í. Iṣẹ́ náà dára, ó yẹ kí a fún ọmọ láyè. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe é nínú yàrá tí a sé pa, láìsí òfin kankan. Módẹ̀lì fúnra rẹ̀ kì í pani lára. Gọ́ọ̀mù, ọ̀dà, eruku, abẹ àti èéfín ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ire rẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe módẹ̀lì ń kọ́ ìṣirò láìmọ̀. Ògiri tó ga ní mítà 3 yóò di sẹ́ńtímítà 3 ní ìwọ̀n 1:100, yóò sì di sẹ́ńtímítà 6 ní ìwọ̀n 1:50. Bó bá ṣi ìwọ̀n kan, ilẹ̀kùn kò ní wọlé sí àyè rẹ̀. Ó ń kọ́ sùúrù, nítorí pé ohun tí kò tíì gbẹ kò ṣeé gbé. Àwọn tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá kò kéré. Ilé iṣẹ́ Airfix bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, ọkọ̀ ojú omi Golden Hind tí wọ́n gbé jáde ní ẹ̀yà oníke ní 1952 sì wà lára ohun tó sọ wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Tamiya wà ní ìlú Shizuoka ní Japan. Ẹni tó bá ra páálí irú àwọn wọ̀nyí yóò rí ìkìlọ̀ lára rẹ̀: ọjọ́ orí ọmọ tó lè lò ó, àti pé kí a lo gọ́ọ̀mù níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ní ọjà tiwa ńkọ́? Wọ́n á bu tínà sínú ìgò omi, wọ́n á wọn gọ́ọ̀mù sínú ọ̀rá, kò sí ìkìlọ̀ kankan lára rẹ̀. Ẹnu òbí ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìkìlọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú gọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kì í ṣe ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, tí omi ń fọ̀ kúrò kó tó gbẹ, ni ó rọrùn jù fún ara. Páálí, igi àti fóòmù ló dára fún. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ ní sí i ni pé kì í tètè gbẹ. Pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ yóò dì í mú títí yóò fi gbẹ, ọmọ á sì lọ ṣe nǹkan mìíràn.

Gọ́ọ̀mù tó wà fún ike kì í lẹ̀ ẹ́ bí àtè. Ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì, tí wọ́n á wọ inú ara wọn kí wọ́n tó le padà. Ohun tó lè yọ́ ike bẹ́ẹ̀, ẹ wo ohun tí òórùn rẹ̀ lè ṣe nínú àyà ọmọ. Gọ́ọ̀mù àwọn tó ń ṣe bàtà náà kò yàtọ̀, nítorí òun pẹ̀lú máa ń ní kẹ́míkà bíi toluene nínú. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó kọ́kọ́ ń mú wá. Bí ènìyàn bá ń fà á lọ́jọ́ pípẹ́, ó ń ba ọpọlọ jẹ́.

Súpà gúlù ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀rinrin díẹ̀ ló ń mú un le, ìdí nìyẹn tó fi ń lẹ̀ mọ́ ìka àti ìpéǹpéjú kíákíá, nítorí ọ̀rinrin kì í wọ́n lára ènìyàn. Òórùn rẹ̀ ń ta ojú. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí ó bá dà sí òwú tàbí aṣọ òwú, ó máa ń gbóná débi pé ó lè jó awọ ara. Nítorí náà, a kì í fi òwú nù ún, a kì í sì í lò ó lórí ẹsẹ̀ tí a ti da aṣọ bò. Ẹ fi orí igi ìtayín mú ẹ̀kán kan péré. Bí ìka méjì bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ má ṣe fà wọ́n ya. Ẹ rì wọ́n sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ní ọṣẹ, kí ẹ sì máa yí wọn díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú ni, ẹ fi omi wọ́ọ́rọ́ ṣàn án, kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láìfi ọwọ́ la ojú náà.

Ohun kan wà tó ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń mú fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, wọ́n á rì í sínú bẹntiróòlù títí yóò fi di gọ́ọ̀mù. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń lẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n benzene wà nínú bẹntiróòlù, ó sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Iná ṣíṣá kan ṣoṣo tún lè gba gbogbo yàrá. Bákan náà ni àwọn tó ń fi irin gbígbóná gé fóòmù: èéfín tó ń rú jáde kò dára fún èémí. Fóòmù ìrọ̀rí àti ti tìmùtìmù burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé èéfín rẹ̀ lè ní májèlé sáyánáìdì nínú. Abẹ tútù tó mú, tí a fà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ń gé fóòmù láìsí èéfín.

Ní ti ọ̀dà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọmọ tó wà nínú ilé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà olómi, ìyẹn acrylic, tí a ń fi omi là, tí a sì ń fi omi fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ọ̀dà olóròóró tí a ń fi tínà là ń dán, mo gbà, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ lè wà nínú yàrá di ọjọ́ kejì. Ọ̀dà tí a ń fọ́n láti inú agolo kò ní ibi tí ó tọ́ sí nínú ilé rárá. Ìta gbangba ni ibi tirẹ̀, kí afẹ́fẹ́ wá láti ẹ̀yìn ẹni tó ń fọ́n ọn, níbi tí kò sí sígá, ààrò tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí.

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé òjé. Àwọn kan ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù láti fi ṣe ẹ̀yà tó wúwo, irú èyí tí yóò mú kí ọkọ̀ ojú omi kékeré dúró dáadáa lójú omi. Òjé kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú ọgbà ilé pa ọmọ tó ju 400 lọ. Àwọn ọmọ yẹn kò wa kùsà, eruku tó bá wọn nílé ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ wúwo, kó fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ìṣó irin sí i.

Eruku mìíràn ń ti ara sáńpépà wá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ sáńpépà tí kò lè ba omi jẹ́ sínú omi kó tó fi ra ike. Ike náà yóò dán ju ti gbígbẹ lọ, eruku yóò sì di ẹrẹ̀ tí a lè nù. Bó bá jẹ́ igi ni, kó ṣe é níta pẹ̀lú ìbòmú. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ: ìbòmú tí gbogbo wa lò nígbà kòrónà kò lè dá òórùn gọ́ọ̀mù àti tínà dúró. Eruku nìkan ni èyí tó dára nínú wọn ń dá dúró. Èyí tó ń dá òórùn kẹ́míkà dúró ní àgolo èédú kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, fèrèsé méjì tó dojú kọ ara wọn ni kó gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní ti abẹ, èyí tó kú ló ń gé ènìyàn jù, nítorí pé agbára ni a fi ń tì í, nígbà tó bá sì yọ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Ẹ lo rúlà irin, kì í ṣe ti ike, kí ìka wà lẹ́yìn ojú ibi tí abẹ ń lọ. Ẹ kó abẹ àlòkù sínú agolo oníhò kékeré kan, ẹ má jù ú sí ààtàn níbi tí ọmọ ẹlòmíràn yóò ti tẹ̀ ẹ́. Bí abẹ bá gé ọmọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, kí ẹ sì fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì sí i. Kí ẹ sì wádìí bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì péye.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní yunifásítì, ẹ fetí sílẹ̀ síbí yìí. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa fi módẹ̀lì lé olùkọ́ lọ́wọ́ ni ewu pọ̀ jù. Kò sí oorun, kò sí iná mànàmáná, ọmọ mẹ́rin wà nínú yàrá kan, gọ́ọ̀mù ń rùn, jẹnẹrétọ̀ ń dún ní ẹnu ọ̀nà. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní kábọ̀n mọ́nóksáìdì nínú. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á fẹ́ gbéni, ọmọ á sì rò pé àìsùn ló fà á. Bó bá sùn, ó lè má jí mọ́. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ sí nínú ilé, kò gbọ́dọ̀ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ fèrèsé. Fèrèsé ṣíṣí kò tó láti gba ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wà nínú ilé là. Iná àtùpà oníbátìrì sàn jù, módẹ̀lì tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú sì sàn ju méjèèjì lọ.

Fún àwọn tó ní ọmọ kékeré nílé, tínà inú ìgò ohun mímu ni ọ̀tá yín. Ọmọ ọdún méjì kò mọ̀ pé omi inú ìgò yẹn kì í ṣe omi. Ẹ fi í sínú agolo tirẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, ẹ gbé e sókè kí ẹ sì tì í. Bí ọmọ bá ti mu tínà, bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì, ẹ má ṣe mú un bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa àgbà máa ń fún ọmọ ní epo, wọ́n rò pé ó ń pa májèlé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá bì, májèlé yẹn lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe ìparun jù. Ẹ gbé ọmọ àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ojú ń ti wá láti sọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fín gọ́ọ̀mù kí ojú wọn lè dá. Ìmutípara ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò fi ẹnu kan ọtí. Ó lè dá ọkàn dúró lójijì, àní ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí gọ́ọ̀mù bá ń yára tán ju bí módẹ̀lì ṣe ń ga lọ, bí ẹ bá ń rí ọ̀rá tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí nínú, tí egbò kéékèèké wà yí ẹnu àti imú ọmọ ká, ẹ má kàn bú u. Ẹ jókòó tì í, ẹ béèrè, kí ẹ sì mú un lọ bá oníṣègùn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àlùwàlá. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi gbọ́dọ̀ kan awọ ara tí a ń fọ̀. Àwọ̀ lásán tó kù lọ́wọ́, bíi ti làálì, kò dí omi. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tó gbẹ àti ọ̀dà tó nípọn ń dí i, ọmọ tó bá sì kírun Àlàásárì pẹ̀lú súpà gúlù ní ìka mẹ́ta kò lè sọ pé òun kò rí i. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló rọrùn jù. Bí ó bá ti lẹ̀ ná, òróró àti ọṣẹ pẹ̀lú omi wọ́ọ́rọ́ ni kó kọ́kọ́ lò. Omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ náà ń yọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ni ká fi í sí, kì í ṣe ojú tàbí ẹnu, kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ iná. Ẹ má jẹ́ kó fi abẹ ha awọ ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Ẹ̀sìn wa kò ní kí a ṣe ara wa léṣe. Ohun tó bá kù tí kò ṣeé yọ láìpa ara lára, ẹ bi àáfà yín. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ère ènìyàn àti ẹranko, àáfà ni ẹ ó bi. Ilé, mọ́sáláṣí, afárá, igi àti ọkọ̀ pọ̀ tó fún ọmọ láti ṣe.

Àwọn kan yóò sọ pé owó dà? Acrylic wọ́n, ìbọ̀wọ́ wọ́n, bẹntiróòlù sì wà nínú jẹnẹrétọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dáàbò bo ọmọ jù nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ kò náni lówó: fèrèsé ṣíṣí, iṣẹ́ ṣíṣe níta, omi lára sáńpépà, ọwọ́ fífọ̀ kí a tó jẹun. Páálí bisikíìtì àti gọ́ọ̀mù funfun kò wọ́n, módẹ̀lì tó dára sì ń ti ara wọn jáde. Bí owó kò bá tó ra ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú ọ̀dà tínà, ẹ ra ìbọ̀wọ́, kí ọmọ fi ọ̀dà olómi kun iṣẹ́ rẹ̀.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn olùkọ́ àti àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí dídán módẹ̀lì gba máàkì ju pípé ìwọ̀n rẹ̀ lọ, nítorí dídán yẹn ló ń lé àwọn ọmọ sídìí ọ̀dà tí a ń fọ́n. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí, ọ̀pọ̀ ilé kéwú wa ló ṣófo ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, tí fèrèsé wọn sì pọ̀. Tábìlì méjì, rúlà irin díẹ̀, káfíńtà kan nínú ìjọ tó lè fi wákàtí méjì kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń di abẹ mú, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ náà lè fi mọ́sáláṣí àdúgbò wọn ṣe módẹ̀lì àkọ́kọ́. Wọ́n á wọn ògiri, wọ́n á ka òpó, wọ́n á sì mọ ilé Ọlọ́hun tí wọ́n ń kírun nínú rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ̀yin òbí kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ yín. Ẹ wo ohun tó ń kọ́, ẹ yìn ín, ẹ béèrè ìwọ̀n tó fi ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ yàrá yẹn. Bí òórùn bá gba imú yín, ẹ gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí ìta kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí Ọlọ́hun bá wa dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó sì fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àmín.